Rabindranath Tagore, Akéwì tí ó Kó Ẹ̀ṣọ́ Ilé Ròde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Ẹni tí kò bá ní aṣọ rere nínú àpótí ilé rẹ̀, aṣọ àyálò ni yóò wọ̀ bí ó bá dé òde àríyá, ẹni tí ó sì wọ aṣọ àyálò kò lè jó kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí pé olóhun lè dé nígbàkúgbà kí ó béèrè ohun rẹ̀. Òwe yìí bá ìtàn ìgbésí ayé Rabindranath Tagore mu rẹ́gí. Akéwì ni ọkùnrin náà, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà ni, èdè Bengali tí a fi tọ́ ọ dàgbà ni ó sì fi kọ ewì rẹ̀. Ní ọdún 1913, òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé nígbà tí a fún un ní Ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ ìwé kíkọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ pé ó gba ẹ̀bùn. Àwọn tí ó mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀bùn tó dé, àti ohun tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí ariwo ẹ̀bùn ti rọlẹ̀, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà sì wà.

Ọjọ́ keje oṣù karùn-ún ọdún 1861 ni wọ́n bí Rabindranath ní agboolé Jorasanko ní ìlú Calcutta, tí a ń pè ní Kolkata lónìí. Agboolé ọlọ́lá ni. Dwarkanath, tí í ṣe bàbá bàbá rẹ̀, jẹ́ oníṣòwò tí ọrọ̀ rẹ̀ kọjá kékeré. Debendranath, bàbá rẹ̀, jẹ́ ẹni tí ó ń fi gbogbo ọkàn wá Ọlọ́run, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní amòye mímọ́. Ọmọ pọ̀ nínú ilé náà, Rabindranath ni ó sì kéré jù nínú àwọn tí ó yè. Bàbá a máa wà ní ìrìn-àjò nígbà gbogbo, nítorí náà ọwọ́ àwọn ìránṣẹ́ ni ọmọ náà wà. Ọ̀kan nínú wọn a máa fi ẹfun fa ìlà yí i ká nílẹ̀, a sì fi ohùn líle kìlọ̀ fún un pé ewu ńlá ń bẹ bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kọjá ìlà náà. Ọmọ náà a jókòó síbẹ̀, a máa wo òde láti ojú fèrèsé: adágún omi kan, àwọn ènìyàn tí wọ́n wá wẹ̀ níbẹ̀, àti igi ọ̀dán ńlá kan tí òjìji rẹ̀ bo etí omi. Ara rẹ̀ wà nínú ìlà ẹfun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti rìn jìnnà.

Bí ìlà ẹfun náà ti rí lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé rí. Wọ́n mú un láti ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn, kò sí èyí tí ó bá a lára mu. Kí ènìyàn jókòó gbọnin bí ère, kí ó máa há ọ̀rọ̀ sórí bí ayékòótọ́, èyí kò wọ̀ ọ́ rárá. Níkẹyìn, wọ́n jẹ́ kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́ nílé. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ni a fi í sílẹ̀ fún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ó ti máa ń ja ìjàkadì. Lẹ́yìn èyí, ìṣirò, ìtàn, orin, àwòrán yíyà àti èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa tẹ̀ lé ara wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun kan sì wà nínú ẹ̀kọ́ ilé yìí tí ó yàtọ̀. Ní ìgbà náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jọba lórí Íńdíà, ojú gbogbo òbí tí ó bá lówó sì ń wà lára èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n Hemendranath, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n Rabindranath, kọ̀ jálẹ̀: Bengali ni àwọn ọmọ ilé náà yóò kọ́kọ́ fi kẹ́kọ̀ọ́, kí òye wọn lè là kí wọ́n tó ki orí bọ èdè àlejò. Rabindranath kò gbàgbé oore náà títí ó fi di àgbàlagbà.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, ní 1878, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbọ́ orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ka ìwé wọn, ṣùgbọ́n ní 1880 ó padà sí ilé láìmú ìwé ẹ̀rí kankan bọ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àkókò àti owó ti ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí nìkan ni a fi ń wọn ènìyàn, kò sí ẹni tí ìbá tún bojú wẹ̀yìn wo ọmọ Debendranath mọ́.

Bàbá rẹ̀ ni kò fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n. Nígbà tí Rabindranath wà ní ọ̀dọ́, ó kọ àwọn orin ìsìn kan fún àjọ̀dún. Debendranath gbọ́ nípa wọn, ó ránṣẹ́ pè é, ó sì ní kí ó kọ gbogbo wọn létí òun. Ọmọ ń kọrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń fi ohun èlò orin gbè é. Nígbà tí orin parí, bàbá náà sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ kò gbàgbé: bí ọba tí ó jẹ lórí ilẹ̀ náà bá gbọ́ èdè wọn ni, tí ó sì mọ iyì ohun tí a kọ nínú rẹ̀, òun ni ìbá ta akéwì lọ́rẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí kò ti rí bẹ́ẹ̀, bàbá ni yóò ṣe é. Bí ó ti wí báyìí tán, ó na sọ̀wédowó sí ọmọ rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ̀bùn òkè òkun tó dé, Rabindranath ti gba ẹ̀bùn kan nílé, láti ọwọ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè tí ó fi kọrin.

Ní nǹkan bí ọdún 1890, wọ́n fi Rabindranath ṣe alábòójútó ilẹ̀ ìdílé wọn ní Shelidah àti àyíká rẹ̀, ní apá ibi tí ó ti di orílẹ̀-èdè Bangladesh lónìí. Àwọn àgbẹ̀ tí ó ń dáko níbẹ̀ ni ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdílé Tagore. Ọmọ olówó tí ó dàgbà sí Calcutta wá rí bí òtòṣì ti ń gbé. Inú ọkọ̀ ojú omi kan ni ó sábà ń gbé lórí odò Padma. Láti ibẹ̀ ó ń wo bí odò ti ń kún bo oko, bí obìnrin ti ń pọn omi, bí ọkọ ìyàwó ti ń wá gbé aya rẹ̀ lọ, bí àgbẹ̀ ti ń dúró de òjò. Àwọn ìtàn kéékèèké rẹ̀ tí ó gbayì jù jáde láti inú ohun tí ó rí níbẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ó ti fetí sí àwọn akọrin alárìnkiri tí wọ́n ń pè ní Baul, tí wọ́n ń kọrin Ọlọ́run láti abúlé dé abúlé. Ọkùnrin kan wà ní Shelidah tí ń jẹ́ Gagan, tí wọ́n ń pe àpèlé rẹ̀ ní Harkara nítorí pé iṣẹ́ pípín lẹ́tà ni ó ń ṣe. Ẹnikẹ́ni lè gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó má wo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n orin wà lẹ́nu ọkùnrin náà. Rabindranath dúró, ó gbọ́ orin rẹ̀, ó sì fi ohùn orin náà pa mọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Ìtàn yìí yóò tún padà kan Gagan níwájú.

Ní ọdún 1901, Rabindranath dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Santiniketan, lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti gbà fún àdúrà àti àṣàrò. Ẹni tí ilé-ìwé ti sú ní kékeré fẹ́ dá irú èyí tí ìbá wu òun sílẹ̀: abẹ́ igi ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ sì ń mọ orúkọ ẹyẹ àti ewé bí wọ́n ti ń mọ ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ 5 péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ tirẹ̀ sì wà lára wọn. Owó kò sí. Ó ta ilé kan tí ó ní sí etí òkun ní Puri. Mrinalini aya rẹ̀ bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tirẹ̀, wọ́n tà á, wọ́n fi bọ́ ilé-ìwé. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ tí a kó ròde, ó yẹ kí a rántí obìnrin yìí, tí ó bọ́ ẹ̀ṣọ́ ọrùn rẹ̀ kí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lè dúró.

Kò pẹ́ tí ọ̀fọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀ tẹ̀ léra. Mrinalini kú ní ọdún 1902. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Renuka ọmọbìnrin wọn kú. Debendranath kú ní 1905. Ní 1907, àrùn onígbáméjì pa Shamindranath, ọmọkùnrin kékeré tí bàbá fẹ́ràn gidigidi. Láàárín ọdún 5, aya, ọmọ méjì àti bàbá ti lọ. Ọkùnrin náà kò wí pé Ọlọ́run kò sí, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó kọ orin. Ní 1910, ó tẹ ìwé kan jáde ní èdè Bengali tí ó pè ní Gitanjali, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọrẹ orin. Orin 157 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ènìyàn pẹ̀lú Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sì ni kókó wọn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ti là kọjá yóò mọ̀ pé ìwé náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣeré.

Ní oṣù kẹta ọdún 1912, ó yẹ kí Rabindranath wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àárẹ̀ dá a dúró lójijì. Ó padà sí Shelidah láti sinmi. Nítorí pé ara rẹ̀ kò le tó láti ṣe iṣẹ́ ńlá, ó mú ìwé kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ díẹ̀ nínú àwọn orin rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ geere. Nígbà tí ara yá, tí ó sì wọ ọkọ̀ ní oṣù karùn-ún, ó ń bá iṣẹ́ náà lọ lójú òkun. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà, kò sì sí ìlérí ẹ̀bùn kankan. Ìgbàdùn ẹni tí ó ń gba ọ̀nà mìíràn padà sọ́dọ̀ orin ara rẹ̀ ni.

Wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà. Rathindranath ọmọ rẹ̀ ni ó gbé àpò awọ tí ìwé ìtumọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gba abẹ́ ilẹ̀, ọmọ náà gbàgbé àpò sínú ọkọ̀, kò sì fura. Ìgbà tí bàbá béèrè ìwé náà kí ó lè fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni àyà ọmọ já. Ó sáré lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù tí àwọn èrò bá gbàgbé sí. Orí bá a ṣe é, àpò náà wà níbẹ̀. Ó dára kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín kí a ronú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé àpò náà lọ lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí àwọn ènìyàn Yúróòpù má mọ orúkọ Tagore, kí ẹ̀bùn ọdún 1913 sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ nìkan ni ìbá sọnù. Àwọn orin fúnra wọn wà nílé, ní ẹnu àwọn ará Bengal, níbi tí ọkọ̀ ojú irin kan kò lè gbé wọn lọ.

Ọ̀rẹ́ tí ó fi ìwé náà hàn ni William Rothenstein, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti dé Calcutta rí. Rothenstein kà á, ó sì fi í ránṣẹ́ sí W. B. Yeats, akéwì ọmọ Ireland. Ẹnu ya Yeats. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù keje, Rothenstein pe àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ọ̀mọ̀wé jọ sí ilé rẹ̀ ní Hampstead, Yeats sì ka àwọn ewì náà sókè fún wọn. Nígbà tí ó kà á tán, kò sí ariwo, kò sí àtẹ́wọ́. Àwọn àlejò dìde, wọ́n sì rọra lọ sí ilé wọn. Akéwì rò pé iṣẹ́ òun kò dùn mọ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì ni lẹ́tà ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ewì 103 jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Yeats sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Ẹ̀dà 750 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Macmillan tún un tẹ̀ ní 1913, ìwé náà tàn káàkiri.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Akadẹ́mì Swídìn ni ó ń yan ẹni tí ó ń gba Ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ni láti ọdún 1901. Ní 1913, ènìyàn 28 ni wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó dárúkọ Tagore, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Thomas Sturge Moore. Nínú ìgbìmọ̀ náà, ọ̀rọ̀ kò kọ́kọ́ yọrí sí ibì kan, nítorí pé iṣẹ́ Tagore ṣàjèjì sí wọn. Ṣùgbọ́n Verner von Heidenstam, tí í ṣe akéwì ọmọ Swídìn, ka ìwé náà, ó sì fi gbogbo ẹnu gbè é. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1913, wọ́n kéde pé Rabindranath Tagore ni wọ́n yàn. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹnikẹ́ni láti ẹ̀yìn odi Yúróòpù tí ó gba ẹ̀bùn náà rí. Ọdún 73 ni ó sì kọjá lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó kan aláwọ̀ dúdú ará Áfíríkà, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká gbà á ní 1986.

Wáyà dé Santiniketan, inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùn dé òpin. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù náà yẹ fún àròjinlẹ̀. Nǹkan bí 500 ènìyàn kóra jọ ní Calcutta, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn, wọ́n wá sí Santiniketan láti bá akéwì yọ̀. Wọ́n retí ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó korò ni wọ́n gbọ́. Rabindranath wo ojú wọn, ó sì rí àwọn kan nínú wọn tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sọ fún wọn láìfi bò pé òun kò lè fi gbogbo ọkàn gba ọ̀wọ̀ tí ó jẹ́ pé ìyìn àwọn àjèjì ni ó bí i. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò náà, àwọn ìwé ìròyìn sì bá akéwì wí.

Ṣé ó ṣe é dáadáa? Ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà méjì. Òtítọ́ ni pé ojú máa ń ti ni nígbà tí ará ilé kò bá mọ iyì ọmọ wọn àfi ìgbà tí ará òde bá yìn ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ará Bengal ni ó kẹ́gàn rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1912, kí ó tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá, àwọn ọ̀mọ̀wé Bengal ti pe ìpàdé ńlá ní gbọ̀ngàn ìlú Calcutta láti bu ọlá fún un nítorí pé ó pé ọmọ 50 ọdún. Àwọn ọ̀rẹ́ tòótọ́ wà nínú èrò tí ó wá sí Santiniketan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ta bá àwọn náà. Ẹni ńlá ni Rabindranath, ṣùgbọ́n ènìyàn ni. Ẹni tí ó ń fi òkò lé ọ̀tá nínú èrò kò lè mọ ẹni tí òkò yóò bà. A lè bá a wí nítorí ìbínú rẹ̀ kí a sì mọ ohun tí ó fà á. Ìyìn tí ó dé pẹ̀lú wáyà kò dà bí èyí tí Debendranath fi fún un ní ọjọ́ tí ó gbọ́ orin rẹ̀.

Owó ẹ̀bùn náà tó nǹkan bí 8,000 pọ́n-ùn. Kò fi kọ́ ààfin. Ilé-ìwé Santiniketan ni ó yà á sọ́tọ̀ fún, ó sì fi í sí báńkì alájẹṣẹ́kù tí ó ti dá sílẹ̀ ní Patisar fún àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n lè rí owó yá láìsí pé àwọn olówó èlé ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn mu. Èlé tí ó ń ti ibẹ̀ wá ni ilé-ìwé ń ná. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bùn tí orin mú wá padà sọ́dọ̀ àwọn tí orin ti ọ̀dọ̀ wọn wá.

Ní ọdún 1915, ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá, ó sì di Sir Rabindranath. Ọdún 4 lẹ́yìn èyí ni ìdánwò dé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1919, ní ìlú Amritsar, ọ̀pọ̀ ènìyàn péjọ sí gbàgede kan tí ògiri yí ká, tí wọ́n ń pè ní Jallianwala Bagh. Wọn kò mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ọ̀gágun Dyer kó àwọn ọmọ ogun dé ẹnu ọ̀nà, ó sì pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ìbọn fi ń ró. Ìjọba fúnra rẹ̀ ka òkú 379. Àwọn ará Íńdíà sì gbà pé iye náà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìjọba gbìyànjú láti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ó dé etí Rabindranath, kò lè sùn. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún náà, ó jókòó lóru, ó kọ lẹ́tà sí Chelmsford, Ajẹ́lẹ̀ Àgbà tí ó ń ṣe àkóso Íńdíà ní orúkọ ọba, ó sì ní kí wọ́n gba oyè wọn padà. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé oyè kò lè dára lára ẹni tí a ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ẹran. Òun fẹ́ dúró láàárín wọn láìní ohun tí ó fi òun hàn yàtọ̀. Ìgbésẹ̀ náà kì í ṣe eré, nítorí pé ìjọba ni ó ni agbára ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́lá sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé oyè kọ́ ni ó sọ òun di ènìyàn lè gbé oyè sílẹ̀. Àyálò ni aṣọ náà. Ó bọ́ ọ, ó dá a padà fún olóhun, kò sì rìn ní ìhòòhò.

Òkìkí tí ó kàn ní Yúróòpù kò dúró bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó rin ìrìn-àjò lọ síbẹ̀ ní 1921, tí ó sì sọ̀rọ̀ ní Stockholm fún àwọn tí ó fún un ní ẹ̀bùn, èrò ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ní ọdún díẹ̀ sí i, ìyìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Yeats tí ó ti yìn ín wá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn ìtumọ̀ tí ó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ kò dára. Rabindranath náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì kábàámọ̀ pé òun kánjú tú orin òun sí èdè tí kì í ṣe ti òun. Ohùn orin, àti adùn ọ̀rọ̀ bí ó ti ń jáde ní Bengali, kò bá a wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará òde ti jẹ nínú oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé nìkan ni ó jẹ ẹ́ nígbà tí ó gbóná.

Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1941, ní agboolé Jorasanko tí wọ́n gbé bí i, lẹ́ni 80 ọdún. Orin tí ó fi sílẹ̀ ju 2,000 lọ. Nígbà tí Íńdíà fẹ́ yan orin orílẹ̀-èdè ní 1950, orin rẹ̀ ni wọ́n mú. Nígbà tí àwọn ará Bangladesh jà fún òmìnira ní 1971, orin kan tí ó kọ ní 1905 nípa ìfẹ́ ilẹ̀ Bengal ni wọ́n ń kọ, ó sì di orin orílẹ̀-èdè wọn. Ta ni ó ni ohùn orin náà? Gagan ni, ọkùnrin tí ó ń pín lẹ́tà ní Shelidah, tí Rabindranath dúró gbọ́ ní ìgbà tí kò sí ẹni tí ó kà á sí. Ọkùnrin tí kò gba oyè, tí kò gba ẹ̀bùn, ohùn rẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè kan gbé dìde dúró.

Ní ti àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí wọ́n fún Rabindranath ní 1913, wọ́n fi í sí ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Santiniketan, ní ilé-ìwé tí ó ti di yunifásítì tí a ń pè ní Visva-Bharati. Ní oṣù kẹta ọdún 2004, àwọn olè fọ́ ibẹ̀, wọ́n sì jí i gbé lọ. Ọlọ́pàá wá a títí, ọdún ń gorí ọdún, wọn kò rí i. Àwọn tí ó ń fún ni ní Ẹ̀bùn Nobel fi àwòkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ó dun àwọn ará Bengal gidigidi, ó sì yẹ kí ó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ṣì ń fi orin Rabindranath rẹ ọmọ lẹ́kún, awakọ̀ ojú omi ṣì ń kọ ọ́ lórí odò, àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣì ń kọ ọ́ lábẹ́ igi ní Santiniketan.

Àpò sọnù nínú ọkọ̀, wọ́n rí i. Wọ́n ta ohun ọ̀ṣọ́ Mrinalini, kò padà. Akéwì dá oyè ọba padà. Olè gbé wúrà lọ. Nínú gbogbo ohun tí ó wọ ilé Rabindranath Tagore tí ó sì tún jáde, orin tí ó fi èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ nìkan ni olè kò rí gbé. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kí ayé gbọ́ ohùn òun, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ará ilé rẹ̀, kí ó mọ èdè wọn jinlẹ̀, kí ó sì fetí sí orin ẹni tí ó ń pín lẹ́tà.